Àbákẹ́ Tí A Pè Ní Matilda: Bí A Ti Ṣe Tọpa Ìdílé Obìnrin Àgbẹ̀ Kan Ní Ilẹ̀ Alabama

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, ilé li a ńwò kí a tó sọ ọmọ lí orúkọ. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yí yóò mọ̀ pẹ̀lú bí àdánù ẹni tí a gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ ti pọ̀ tó, nítorí nígbà tí a bá gba orúkọ lọ́wọ́ ènìà, a ti fẹ́rẹ̀ gba ọ̀nà ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Nínú ìwé kékeré yí, a fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan tí ó gbé inú oko òwú ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1860 títí ó fi kú lí oṣù January ọdún 1940. Orúkọ tí a mọ̀ ọ́ sí níbẹ̀ ni Matilda McCrear. Orúkọ tí ó bá a láti ilé wá ni Àbákẹ́.

Obìnrin yí kì iṣe ayaba, kì iṣe ọlọ́rọ̀, kò sì kọ ìwé kan sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó sì jẹ́ ìyá ọmọ púpọ̀. Bí ó ti wà bẹ́ẹ̀ li ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin dúdú wà lí oko Amẹ́ríkà lí ayé ìgbà náà, tí nwọ́n gbin òwú, tí nwọ́n bí ọmọ, tí nwọ́n sì kú, tí a kò sì gbúròó wọn mọ́. Ohun tí ó mú wa kọ nípa rẹ̀ ni pé, ó tó 80 ọdún lẹ́hìn ikú rẹ̀ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ pé ìyá wọn àgbà wà nínú ọkọ̀ ìkẹhìn tí a mọ̀ pé ó kó ẹrú láti ilẹ̀ wa lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí a gbà tọpa rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn ìtàn. Ìwé àwọn aláṣẹ li ó fi ibi tí ó gbé hàn wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe sí i lára, àti ohun tí ó pè é, li ó fi ibi tí ó ti wá hàn.

Ọkọ̀ tí ó gbé wọn lọ

Láti ọjọ́ kìní oṣù January ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹrú láti òkè òkun wọ ilẹ̀ náà mọ́. Lí ọdún 1820, nwọ́n tún fi ọwọ́ líle mú un: nwọ́n ka òwò náà sí iṣẹ́ àwọn olè ojú omi, nwọ́n sì fi ikú ṣe ìjìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò kọ̀ kí a máa ta ẹrú láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì nínú ilẹ̀ náà. Bí oko òwú ti ńgbòòrò sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye owó ẹrú ńgòkè, ojú àwọn olówó kan sì wọ ẹ̀rè tí òfin kọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Timothy Meaher, oníṣòwò ní ìlú Mobile létí òkun Alabama, ẹni tí ó ní ọkọ̀ púpọ̀. A gbọ́ pé ó ta tẹ́tẹ́ pé òun yóò kó ẹrú wọlé lójú àwọn aláṣẹ, ọwọ́ kì yóò sì tẹ òun. Ó ran ọ̀gá ọkọ̀ kan, William Foster, pẹ̀lú ọkọ̀ onígbòkun tí a ńpè ní Clotilda, ó sì fi owó wúrà tí iye rẹ̀ jẹ́ 9,000 dọ́là lé e lọ́wọ́. Lí oṣù May ọdún 1860 ni Foster gúnlẹ̀ sí Ouidah, èbúté Dàhómì. Gelele, ẹni tí ó jọba lí ọdún 1858, li ó wà lórí ìtẹ́ ní ìgbà náà.

A kò ní láti sọ fún àwọn olùkàwé wa irú ẹni tí ọba Dàhómì jẹ́ sí àwọn Yorùbá ní ayé náà. Ogun rẹ̀ ti dé ẹnu odi Abẹ́òkúta lí ọdún 1851, ó sì tún padà wá lí ọdún 1864. Láàrin méjèèjì, lí ọdún 1862, ó pa Ìṣàgá run. Àwọn ìlú ńlá tí ó ní odi àti ìbọn lè dojú kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú kékeré tí ó wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, èyí tí púpọ̀ nínú wọn wà ní ilẹ̀ Benin lónìí, a máa jí lí àfẹ̀mọ́júmọ́ kí nwọ́n tó mọ̀ pé ogun ti yí wọn ká. Bẹ́ẹ̀ gan-an li ó rí fún ìlú Kossola, ọ̀kan nínú àwọn tí Foster rà, ẹni tí a wá ńpè ní Cudjo Lewis ní Amẹ́ríkà. Irú ogun bẹ́ẹ̀ li ó kó Àbákẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé èbúté. Ọmọ ọdún méjì ni.

Bí 110 ènìà ni Foster kó sínú ọkọ̀ náà. Lí oṣù July ọdún 1860 ni nwọ́n dé Mobile. Òru ni nwọ́n fi fà wọ́n gòkè odò. Nwọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ mìíràn, nwọ́n fi wọ́n pamọ́ sínú igbó àbàtà, nwọ́n sì dáná sun Clotilda kí ẹ̀rí má bàa sí. A kò fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀ràn náà.  Lí oṣù May ọdún 2019 li àwọn tí ó ńṣe ìtọ́jú ohun ìtàn ní Alabama tó kéde pé a ti rí egungun ọkọ̀ náà nínú ẹrẹ̀.

Bí nwọ́n ti pín ìdílé kan

Díẹ̀ nínú àwọn tí a kó wá kù sí Mobile lọ́wọ́ Meaher àti àwọn ẹbí rẹ̀. Lẹ́hìn tí òmìnira dé, àwọn wọ̀nyí kó owó jọ, nwọ́n ra ilẹ̀, nwọ́n tẹ ìlú kan dó tí a ńpè ní Africatown, nwọ́n kọ́ ilé ìjọsìn sí i, nwọ́n sì ńfi èdè ilé bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nítorí pé nwọ́n wà pọ̀, ìtàn wọn kò parẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyókù li a tà gòkè odò Alabama, sí ìhà ìlú Selma, níbi tí ilẹ̀ dúdú tí òwú fẹ́ràn gbé wà. Nwọ́n fọ́nká, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí oko tirẹ̀, bí àgbàdo tí ẹiyẹ kó lọ.

Àbákẹ́ wà nínú àwọn tí a tà gòkè. Olóko òwú kan tí ó ńjẹ́ Memorable Creagh li ó ra òun àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì mìíràn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ojú kò sì tún kan ojú mọ́ títí ayé wọn. Nwọ́n sọ ìyá ní Grace, nwọ́n sọ ẹ̀gbọ́n ní Sallie, nwọ́n sì sọ ọmọ ọdún méjì náà ní Matilda. Láìpẹ́ tí nwọ́n dé oko náà, ìyá kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, nwọ́n sá lọ. Nwọ́n lé wọn bá, nwọ́n sì dá wọn padà.

Kí olùkàwé wa dúró díẹ̀ níhìn-ín. Obìnrin yí kò gbọ́ èdè ilẹ̀ náà. Kò mọ ibi tí ọ̀nà lọ. Òkun wà láàrin òun àti ilé. Ọmọ kan wà tí nwọn yóò pọ̀n, èkejì kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Síbẹ̀ ó jáde. Ẹni tí ó bá ńsọ pé àwọn baba àti ìyá wa gba oko ẹrú gẹ́gẹ́ bí àyànmọ́ kò tí ì gbọ́ ìtàn Grace.

Lí ọdún 1865 ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, a sì fi òfin pa oko ẹrú run. Ṣùgbọ́n a kò fún àwọn ẹni òmìnira ní ilẹ̀. Ìdílé Grace dúró sí oko, nwọ́n ńro ilẹ̀ onílẹ̀, nwọ́n sì ńpín ìkórè pẹ̀lú rẹ̀. Kì iṣe irú ìṣákọ́lẹ̀ tí àwa mọ̀ li èyí, níbi tí àgbẹ̀ yóò mú ìwọ̀nba ohun oko lọ fún onílẹ̀ lí ọdọọdún. Níbẹ̀, onílẹ̀ li ó ńfún àgbẹ̀ lí irúgbìn, ìbaaka àti oúnjẹ lí àwìn. Nígbà tí a bá kórè òwú tán, òun náà li ó ńṣírò. Lẹ́hìn ìṣirò, ó ṣọ̀wọ́n kí ohun kan kù fún àgbẹ̀ bí kò ṣe gbèsè ọdún tí ó ḿbọ̀. Nínú irú ayé yí ni Grace gbó sí. Ó hàn pé kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan títí. Ọmọ rẹ̀ li ó gbọ́ ọ.

Ìdí rẹ̀ tí ìwé kò fi rí i

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọpa ìdílé ní Amẹ́ríkà a kọ́kọ́ lọ sínú ìwé kíka iye ènìà, èyí tí ìjọba ńṣe lí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá láti ọdún 1790. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé wọ̀nyí wá Àbákẹ́, kí a sì wo bí òun yóò ti rí.

Lí ọdún 1860, ìwé méjì li a kọ ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù. Nínú ọ̀kan, a kọ orúkọ àwọn ẹni òmìnira. Nínú èkejì, orúkọ olówó ẹrú li a kọ. Lábẹ́ rẹ̀ li a kọ iye ọdún ẹrú, bóyá akọ ni tàbí abo, àti bí àwọ̀ rẹ̀ ti rí. Orúkọ ẹrú fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí Àbákẹ́ tilẹ̀ wà nínú ìwé náà, ìlà kan ṣoṣo ni ì bá jẹ́: abo, dúdú, ọdún méjì. Ṣùgbọ́n kò lè sí níbẹ̀ rárá, nítorí ọjọ́ kìní oṣù June ọdún 1860 li òfin fi ṣe ọjọ́ kíkà náà, ọkọ̀ tí ó gbé e wá sì gúnlẹ̀ lí oṣù July.

Lí ọdún 1870 li a kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí a ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Èyí ni ibodè tí gbogbo aṣèwádìí ìdílé àwọn ènìà dúdú ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ó sì ṣòro fún wọn láti rí òdì kejì rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé náà kò sọ bí ẹnìkan nínú ilé ti jẹ́ sí ẹnìkejì; ọdún 1880 li a tó béèrè èyí, tí a sì béèrè ibi tí a gbé bí baba àti ìyá olúkúlùkù. Ìwé ọdún 1890 fẹ́rẹ̀ jóná tán nínú iná tí ó jó ní Washington lí ọdún 1921. Ìwé ọdún 1900 ṣe ohun kan tí ó wúlò fún àwọn tí ńwá ìtàn ìyá: ó béèrè lọ́wọ́ obìnrin iye ọmọ tí ó ti bí àti iye àwọn tí ó wà láàyè. Nígbà tí ó sì di ọdún 1940, ọjọ́ kìní oṣù April ni ọjọ́ kíkà. Matilda ti kú lí oṣù January.

Nítorí náà, ìjọba tí kò rí i nígbà tí ó dé kò sì rí i ní ọdún tí ó lọ. Ìwé àárín nìkan li ó mú un, nínú èyí sì ni orúkọ ti ńyí padà. Orúkọ olówó rẹ̀, Creagh, li a kọ́kọ́ fi pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ńfi orúkọ olóko pe gbogbo ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì ńjẹ́ McCrear. Ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ pé ìró Creagh ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì iṣe orúkọ olówó mọ́, tirẹ̀ ni. Ohun tí ó jẹ́ iyì fún un yí di ìnira fún ẹni tí ó ńtọpa rẹ̀, nítorí bí a kò bá mọ̀ pé orúkọ méjèèjì jẹ́ ti obìnrin kan náà, ọ̀nà pin.

Bákan náà ni a kì yóò rí i nínú ìwé ìgbéyàwó. Matilda kò ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí a bí ní ilẹ̀ Jámánì li ó bá gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì bí ọmọ 14 fún un. Kí olùkàwé má ṣe yára dá a lẹ́jọ́. Òfin Alabama kọ̀ kí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú fẹ́ ara wọn, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sì fi ọwọ́ sí irú òfin náà lí ọdún 1883. Lí ọdún 1967 li ilé ẹjọ́ kan náà tó fọ́ gbogbo irú òfin bẹ́ẹ̀. Ọdún 2000 li a tó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Alabama. Ilé tí òfin kò gbà kí ó dúró, òfin kì yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Báyìí li ìwé ṣe dákẹ́ nípa ọkọ, tí orúkọ olóko sì bò ìyá mọ́lẹ̀.

Ìrìn máìlì 15

Lí ọdún 1931, obìnrin yí ti ju 70 ọdún lọ. Ìgbà náà le púpọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Iye owó òwú ti já wálẹ̀, ebi sì wà lóko. Matilda dìde, ó rin ìrìn àjò máìlì 15 lórí ọ̀nà eruku lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma. Ó sọ fún wọn pé a jí òun kó láti Áfríkà nígbà tí òun wà lí ọmọdé, a mú òun wá ní ọkọ̀ tí òfin kọ̀, a sì fi òun ṣe ẹrú. Ó sì béèrè owó gbà-máà-bínú. Nwọ́n kò gbọ́ tirẹ̀. Ó padà sí ilé lí ọwọ́ òfo.

Ṣùgbọ́n ìrìn náà kò já sí asán pátápátá. Ìwé ìròhìn ìlú náà, Selma Times-Journal, fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, nwọ́n sì tẹ ìtàn rẹ̀ jáde. Ẹ kíyèsí i: ilé ẹjọ́ tí ó lọ bá fún ẹ̀tọ́ kò fún un ní kọ́bọ̀, àkọsílẹ̀ tí kò bẹ̀ wọ́n fún li ó kù. Bí kò bá jẹ́ pé ó rìn lọ lí ọjọ́ náà, a kì bá máa kọ ìwé yí lónìí.

Bí a ti rí i

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo ènìà gbà pé Cudjo Lewis, tí ó kú ní Africatown lí ọdún 1935, li ó kú kẹ́hìn nínú àwọn tí Clotilda kó. Zora Neale Hurston, akọ̀wé obìnrin, ti lọ jókòó tì í, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2018 li a tó tẹ ìwé náà. Ṣùgbọ́n Hurston fúnra rẹ̀ ti kọ nínú ìwé kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lí ọdún 1928 pé òun mọ obìnrin kan lókè lọ́hùn-ún tí ó ti inú ọkọ̀ kan náà wá. Òpìtàn obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hannah Durkin, mú okùn náà, ó tọ̀ ọ́ lọ, ó sì fi hàn lí ọdún 2019 pé Redoshi li obìnrin náà, ẹni tí a ńpè ní Sally Smith, tí ó gbé lóko nítòsí Selma tí ó sì kú lí ọdún 1937. Nígbà náà, òun li a wí pé ó kẹ́hìn.

Lí ọdún 1920 àti 1930 sí 1940, àwọn ìwé ìròhìn kékeré ti ìgbèríko pọ̀ ní Alabama. Inú irú wọn ni òpìtàn yí ti rí ìròhìn ọdún 1931. Ó fi í wé ìwé iye ènìà, ó to orúkọ Creagh àti McCrear jọ, ó rí ọdún ikú rẹ̀. Lí ọdún 1920 ni Matilda ṣì wà láàyè. Lí ọdún 2020 ni ayé tó mọ ẹni tí ó jẹ́. Òpìtàn náà kò tijú láti tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe: èyí tí ó kọ lí ọdún 2019 pé Redoshi li ó kẹ́hìn, ó fi òtítọ́ tí ó tún rí rọ́pò rẹ̀ láàrin ọdún kan. Ẹ̀kọ́ li èyí jẹ́ fún àwa tí a ńkọ ìtàn. Nígbà tí ìròhìn náà sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ Matilda kan, arúgbó ẹni 83 ọdún tí a bí ní Selma, ìgbà náà li ó tó gbọ́ pé ọkọ̀ Clotilda li ó gbé ìyá òun àgbà wá.

Ìwé tí ìyá kọ

Gbogbo èyí fi ibi tí Matilda gbé hàn wá. Kí li ó wá fi hàn pé Yorùbá ni? Ohun mẹ́ta ni, ọ̀dọ̀ ìyá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti wá, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó bá ìyá tọ́ ọ.

Èkínní ni ilà. Ilà wà lí ojú rẹ̀ títí ó fi kú. Ọmọ tí ó kúrò ní ilé ní ọmọ ọdún méjì ti kọ ilà ná, gẹ́gẹ́ bí a ti ńṣe fún ọmọ ní ayé àtijọ́, kí ó má bàa sọnù lójú ogun. Àwọn tí ó ti ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Alùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ lí ọdún 1921, yóò rántí bí ó ti to pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́ àti àwọn mìíràn lẹ́sẹẹsẹ. Síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: ilà kan náà a máa wà ní ìlú púpọ̀, a kò sì lè fi ìlà ojú nìkan dá ènìà padà sí ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀.

Èkejì li irun. Títí ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni Matilda ńdi irun rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin Yorùbá ti ńdì í. Ọmọ ọdún méjì kò lè rántí irun dídì. Ó ní láti jẹ́ pé ìyá li ó jókòó tì í lóko Creagh, tí ó fi orí rẹ̀ sí àárín orúnkún, tí ó sì kọ́ ọ. Grace tí kò lè fi èdè àjèjì sọ ìtàn ara rẹ̀ fi ọwọ́ sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ, níhìn-ín sì li àwa tí a gbọ́ èdè náà ti ní ohun tí a lè fi kún un. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì ohùn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò gbọ́ Àbákẹ́ tí kì yóò mọ irú orúkọ tí í ṣe. Oríkì obìnrin ni. Ó bá Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́ àti Àyìnkẹ́ rìn: ọmọ tí a bá ni kẹ́, tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan li ó ńkẹ́ ẹ. A kì í fi oríkì bú ènìà, a kì í fi ránni ní iṣẹ́ ẹrú. Ẹni tí ó bá jù ọmọ lọ li ó ńfi pè é nígbà tí ó bá fẹ́ tù ú nínú. Nítorí náà, orúkọ tí ó kù fún Matilda láti inú gbogbo ohun tí ó sọnù kì iṣe orúkọ ìjòyè tàbí ti ogun. Orúkọ ìkẹ́ ni.

Johnson wí pé ohun mẹ́ta ni Yorùbá fi ńmọ ènìà: orúkọ, oríkì àti orílẹ̀. Nínú mẹ́ta wọ̀nyí, ọ̀kan li ó dé ọwọ́ wa. Bí a bá ní orílẹ̀ rẹ̀, bí a bá gbọ́ pé ọmọ Erin ni tàbí ọmọ Òpó, à bá mọ ìran tí ó ti jáde. Ẹ fi èyí wé ti Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther. A kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lí ọdún 1821, ó sì tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lí ọdún 1846, lẹ́hìn ọdún 25. Ọlọ́run li ó ṣe é. Ṣùgbọ́n òun ti tó ọmọ tí ó mọ orúkọ baba àti ti ìlú kí a tó kó o. Àbákẹ́ ní ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá náà sì mọ ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé kan tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ tí ó jókòó tì í láti béèrè. Ìyá kú, orílẹ̀ sì bá a lọ.

Níhìn-ín li ọ̀rọ̀ náà gbé kàn wá. Nínú ìwé ìrìbọmi ọ̀pọ̀ ìjọ, a ńkọ orúkọ tí ọmọ gbà lí ọjọ́ náà, a sì ńkọ orúkọ baba; orúkọ ìyá, àfi "ìyàwó lágbájá". Ní ilé ẹ̀kọ́, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi ńdáhùn. Ogun Dàhómì kò sí mọ́, kò sì sí ọkọ̀ létí òkun. Àwa fúnra wa li a ńfi ọwọ́ ara wa gbé oríkì àti orílẹ̀ sọnù. Ẹ̀yin olùkọ́ni, ẹ rán àwọn ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà wọn pẹ̀lú ìwé àti kálámù. Kí nwọ́n béèrè oríkì rẹ̀, orílẹ̀ rẹ̀, agbo ilé tí a gbé bí i àti orúkọ ìyá tí ó bí i. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ jẹ́ kí orúkọ ìyá àti oríkì ọmọ wà nínú ìwé yín.

Obìnrin kan rin máìlì 15 kí a tó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá àgbà tiwa wà ní yàrá kejì.